Okùn Tí Joe Heaney Lọ́ Jáde Nílé

Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ìnáwó ìgbéyàwó la óò tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n yà díẹ̀. Ohun kan wà lọ́kàn mi tó jẹ́ pé bí n kò bá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín, n kò ní lè kọ òmíràn.

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Dublin fi orin kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: “Gbọ́ ọkùnrin yìí, kí o wá sọ fún mi bí kò bá rán ọ létí Màmá Ìsẹ́yìn.” Màmá Ìsẹ́yìn ni gbogbo wa máa ń pe ìyá tó bí ìyá mi. Mo tẹ orin náà. Ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Kò sí ìlù, kò sí gìtá, kò sí elégbè. Ọkùnrin náà gbé ohùn sókè, ó rọra ń yí i bí ẹni ń ran òwú, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà. Síbẹ̀, nígbà tó fi parí, ọbẹ̀ tí mo gbé kaná ti ń jóná.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn ọkùnrin yìí kiri. Joe Heaney ni orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é. Ní èdè abínibí rẹ̀, èdè ilẹ̀ Ireland tí àwọn tó ni ín ń pè ní Gaeilge, Seosamh Ó hÉanaí ni. Àwọn ará abúlé rẹ̀ ní tiwọn a máa pè é ní Joe Éinniú. Ẹni tó bá ní orúkọ mẹ́ta báyìí, ẹ ti mọ̀ pé ayé ti gbé e rìn jìnnà.

Ọdún 1919 ni wọ́n bí i, ní An Aird Thoir, abúlé kan lẹ́bàá Carna ní ẹkùn Connemara. Ìwọ̀-oòrùn Ireland ni ibẹ̀ wà, níbi tí òkun Atlantic ti ń bu etí ilẹ̀ jẹ. Òkúta ibẹ̀ pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ a máa ru koríko òkun wá sórí ilẹ̀ olókùúta kí ọ̀dùnkún wọn lè rí ohun tí yóò jẹ. Tálákà ni wọ́n bí a bá ń ka owó. Bí a bá ń ka orin, ọlọ́rọ̀ ni wọ́n. Bàbá Joe jẹ́ olórin. Ìbátan rẹ̀ kan wà, Colm Ó Caodháin, tó ń ro oko tó sì ń pẹja. Ní àárín ọdún 1940 sí 1949, Séamus Ennis, tí àjọ tó ń kó ìtàn àti orin ìbílẹ̀ Ireland jọ rán jáde, lọ jókòó ti ọkùnrin yìí. Orin àti àlọ̀ tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu òun nìkan lé ní 200. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo, ní abúlé kan ṣoṣo!

Bí alẹ́ bá lẹ́, tí iṣẹ́ oko àti ti odò bá parí, wọ́n á kóra jọ sílé ara wọn. Wọ́n á dá iná erùpẹ̀ irà gbígbẹ, èyí tí wọ́n ń lò dípò igi ìdáná, wọ́n á sì máa pa ìtàn, wọ́n á máa kọrin. Ibẹ̀ ni Joe ti kọ́ iṣẹ́. Kò sí olùkọ́ kan tó fà á lọ́wọ́. Etí rẹ̀ ló ń kó o jọ. Ojú sì ń tì í. Wọ́n ní ó tó ẹni 20 ọdún kó tó lè dúró níwájú àwùjọ kọrin.

Kí a tó máa bá a lọ, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ojú èdè náà ti rí kí a tó bí i. Ní ọdún 1845, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀dùnkún Ireland, ìyàn sì mú fún ọdún bíi mélòó kan. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn kú. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan wọkọ̀ ojú omi sá lọ. Apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àwọn tó ń sọ Gaeilge pọ̀ sí, ni ìyà náà ti pọ̀ jù. Àwọn tó ṣẹ́ kù wá rò ó pé bí ọmọ wọn yóò bá rí iṣẹ́ ní London tàbí New York, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kó mú lọ. Láwọn ibì kan, wọ́n a máa so igi pẹlẹbẹ mọ́ ọmọ lọ́rùn. Nígbàkúùgbà tó bá sọ Gaeilge, wọ́n á fi ọ̀bẹ ṣá igi náà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ á ka ojú ọgbẹ́ ara igi náà, iye rẹ̀ ni pàṣán tí ọmọ yóò jẹ. Àwọn òbí gan-an fọwọ́ sí i. Bata scóir ni wọ́n ń pe igi náà.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ti gbé igi náà kọ́rùn rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, pátákó kékeré ni tiwa. Ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì ni yóò gbé e kọ́rùn títí yóò fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn, kó lè bọ́ ọ sí tiẹ̀ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣọ́ ara wa lẹ́nu bí ẹni ń ṣọ́ olè. Èmi tí mo gbé pátákó yẹn kọ́rùn títí okùn rẹ̀ fi já, èmi náà ni mo lọ gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá. Ayé a máa ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí orin. Irú orin tí Joe ń kọ ni wọ́n ń pè ní sean-nós, ìyẹn àṣà àtijọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́, láìsí ohun èlò. Kò kan ijó. Olórin lè di ojú rẹ̀ tàbí kó yí i sí ara ògiri. Nítorí pé èdè wọn kò ní ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ bí tiwa, olórin lè lọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́nà mẹ́rin márùn-ún, kí ìtumọ̀ má sì yí padà. Ohun tó wú mi lórí jù ni ti olùgbọ́. Bí orin bá ti wọ olórin lára, ẹnì kan lára àwọn tó jókòó lè na ọwọ́, kó di ọwọ́ olórin mú, kó sì máa rọra yí i bí orin ti ń lọ. Kò ní gbè é, kò ní pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ nìkan ni yóò fún un, kó lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ru ẹrù náà.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ẹnì kan kọrin, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ni abair. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “sọ”. Wọn kì í ní kí o kọ orin. Wọ́n ní kí o sọ orin. Nígbà tí mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín. Àwa náà kì í kọ ìjálá, sísun là ń sun ún. À ń sun rárà, à ń sun ẹkún ìyàwó, à ń kì oríkì. Èdè méjì tí kò bára tan mọ̀ pé ohun kan wà láàárín ọ̀rọ̀ àti orin tí orúkọ méjèèjì kò gbà.

Joe tún ní òfin kan tí kì í fi ṣeré: bí o kò bá mọ ìtàn tó bí orin, o kò tíì mọ orin náà. Kó tó kọ orin, yóò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ọ̀kan nínú àwọn orin tó gbà sílẹ̀ sínú àwo, Casadh an tSúgáin, ìyẹn “Lílọ́ Okùn Koríko”. Ìtàn rẹ̀ nìyí. Akéwì alárìnkiri kan wọ ilé kan, ojú rẹ̀ sì lọ sára ọmọbìnrin ilé náà. Ìyá ọmọ kò fẹ́ ẹ, àmọ́ àṣà kò gbà pé kí a lé àlejò síta. Obìnrin náà bá ta ọgbọ́n. Ó ní okùn tán nílé, kí àlejò jọ̀wọ́ bá òun lọ́ koríko gbígbẹ di okùn. Ìyá jókòó ti òkìtì koríko, ó ń fi í lé okùn lẹ́nu. Akéwì ń lọ́ ọ, ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Bí okùn ti ń gùn, bẹ́ẹ̀ ló ń sún sẹ́yìn, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìyá bá pa ilẹ̀kùn dé. Okùn kù sọ́wọ́ ọkùnrin náà níta, nínú òtútù.

Bí mo ti ń ka ìtàn ayé Joe, okùn yẹn kò kúrò lójú mi. Ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń pèsè àwọn tí yóò di olùkọ́, àmọ́ wọ́n lé e kó tó parí. Ó gba ẹ̀bùn nínú ìdíje orin, títí kan ti Oireachtas, àjọ̀dún èdè Gaeilge tó ti wà láti ọdún 1897. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kì í ṣe oúnjẹ. Ó kọjá sí Scotland láti wáṣẹ́, ibẹ̀ ló ti gbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí England, ó ń ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bó bá di alẹ́, ó ń kọrin nílé ọtí ní Camden Town ní London, níbi tí àwọn ọmọ Ireland tí iṣẹ́ ọwọ́ gbé jáde nílé máa ń pàdé. Ní ọdún 1964, Ewan MacColl àti Peggy Seeger, àwọn olórin méjì tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya, mú un jókòó sílé wọn, wọ́n sì gba orin àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀.

Ní ọdún 1965, wọ́n pè é sí àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ ní Newport, ní Amẹ́ríkà. Àjọ̀dún yìí kan náà ni Bob Dylan ti gbé gìtá oníná mọ̀nàmọ́ná jáde, tí ariwo rẹ̀ kò sì tíì rọlẹ̀ dòní. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Joe kó lọ sí New York pátápátá. Iṣẹ́ wo ni ẹ rò pé ó rí? Ó di aṣílẹ̀kùn. Ó ń wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá kan ní Central Park West, ó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn olówó tó ń gbé inú rẹ̀. Ó máa ń sọ pé orin tó wà nínú òun lé ní 500. Ẹ fojú inú wò ó: ìwé odindi ìlú kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn ń kọjá lára rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ilé náà, Merv Griffin, gbajúmọ̀ olóòtú tẹlifíṣọ̀n, mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì pè é wá kọrin lórí ètò rẹ̀ ní ọjọ́ St. Patrick.

Ojú ewé ìdílé ni èyí, nítorí náà n kò ní fo ibi tó le. Joe fi ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ní Scotland, kò padà sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, àwọn ló mọ̀ ọ́n, èmi kò sì jókòó sí kóòtù láti dájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ìdí iná bàbá rẹ̀ ló ti gba gbogbo orin tó mú un di ẹni ńlá, àwọn ọmọ tirẹ̀ kò jókòó sídìí iná kankan pẹ̀lú rẹ̀. Orin tó ti kọjá lọ́wọ́ ìyá àgbà sí ọmọ, lọ́wọ́ bàbá sí ọmọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló dé tí kò wọlé mọ́. Àwọn kan máa ń kọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé ibi yìí kò sí, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ kí ọmọ wa gba èdè lọ́wọ́ wa, ibi yìí gan-an ló yẹ ká tẹjú mọ́.

Ibi tí orin náà padà wọlé sí, ilé àjèjì ni. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Wesleyan University ní Connecticut, lẹ́yìn náà ó lọ sí University of Washington ní Seattle. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí kò mọ Carna rí jókòó tì í, ó ń sọ ìtàn orin fún wọn, ó sì ń kọ́ wọn ní orin náà. Ní ọdún 1982, ìjọba Amẹ́ríkà dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀jáfáfá nínú iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀, National Heritage Fellowship. Joe wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Aṣílẹ̀kùn di ọ̀jọ̀gbọ́n láìyí ohun kan padà nínú orin rẹ̀.

Nínú orin tó fi gbajúmọ̀, ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Caoineadh na dTrí Muire, arò tí Màríà ń sun lórí ikú ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Orin àwọn obìnrin ni, wọ́n a sì máa kọ ọ́ ní àsìkò ìrántí ikú Jésù, ṣáájú Àjíǹde. Àìmọye ènìyàn tí kò mọ̀ pé irú orin bẹ́ẹ̀ wà láyé, láti ẹnu Joe ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Orin yìí ni ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ sí mi. Màmá Ìsẹ́yìn ló fi ránṣẹ́ sí mi, kò sì mọ̀.

Àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń jí èémí èèyàn gbé díẹ̀díẹ̀ ló pa Joe, ní Seattle, ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1984. Wọ́n gbé e padà sílé, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Maíros, nítòsí abúlé tí wọ́n ti bí i. Àwọn ará Carna ń ṣe àjọ̀dún ìrántí rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nílé pe àjọ̀dún náà: Joe Éinniú. Orin àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà ní ìpamọ́ ní yunifásítì Seattle. Ní ọdún 2017, Pat Collins ṣe fíìmù kan lórí ayé rẹ̀, Song of Granite. Ẹ wá a wò bí ẹ bá ráyè, àmọ́ ẹ má ṣe wò ó bí ẹ bá ń kánjú.

Ó ku ọ̀rọ̀ tèmi. Nígbà tí mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì, ẹkún ìyàwó ni mo yàn. Mo gba ìlú mẹ́rin kọjá pẹ̀lú fóònù mi. Mo jókòó ti àwọn ìyá tí n kò mọ̀ rí, mo fún wọn ní bisikíìtì àti owó ọṣẹ, mo gba ohùn wọn sílẹ̀, mo sì gba máàkì tó dára. Màmá Ìsẹ́yìn mọ̀ pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tí mo yà kí i, ó bi mí pé, “Ṣé ti àwọn yẹn dára ju tèmi lọ ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ má dá mi lóhùn jàre, Màmá, tiyín ṣì ń bọ̀. Ṣebí ilé ni tiyín wà.” Wọ́n kú kí ọdún náà tó parí. Ohùn obìnrin mọ́kànlá wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Tiwọn kò sí níbẹ̀.

N kò wá sọ èyí kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn. Mo sọ ọ́ nítorí pé ilé ni gbogbo wa gbà pé kò lè sá lọ. Ìta là ń sáré tò, à ń fi ẹ̀yìn rìn, okùn ń gùn lọ́wọ́ wa, ó sì ń dára lójú ẹni tó ń wò ó.

Ó ku orin kan ṣoṣo tí mo rántí lẹ́nu Màmá, kékeré ni, kò sì pé. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lé itan. Mo kọ́kọ́ sọ ìtàn orin náà fún un: ẹni tó kọ ọ́, yàrá tó wà, aṣọ tó wọ̀, ẹni tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà mo sun ún. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn di ìka mi méjì mú títí mo fi parí.

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ pe àgbàlagbà kan nínú ilé yín. Ẹ ní kó sọ orin kan fún yín. Ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì wà nítòsí rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọ̀rọ̀ ìnáwó ìgbéyàwó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní yẹ̀ mọ́. Ó dìgbà náà o.